Kóòṣì tí kì í jẹ́ kí aago mẹ́fà bá òun lórí pápá

Láti ìgbà tí a ti sin kóòṣì wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí ó tó pẹ́ jù. Ó tó ẹni márùn-ún tí ó dìde sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà tí wọ́n ní ọkùnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ jìn fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé wọ́n fi yìn ín ni, òkú kì í sì í bá ẹni tí ó ń yìn ín jiyàn, ṣùgbọ́n èmi tí mo sáré lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà ní Adó-Èkìtì kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò fi gbogbo ayé rẹ̀ fún wa. Ó yọ ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó bu tiwa fún wa, ìyẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí ọkàn àwọn òbí wa balẹ̀ láti fi wá lé e lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwa nìkan ni a ń pè é ní Kóòṣì. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, eré sísá ni ó sì yàn láàyò, pàápàá jù lọ rílè, èyí tí ẹni mẹ́rin ń sá yí pápá ká tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. A kò ní ọ̀pá gidi. Páìpù omi ni ó máa ń gé fún wa, yóò sì fi rúlà wọ̀n ọ́n dáadáa, nítorí òfin eré náà ni pé ọ̀pá kò gbọdọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 28 lọ, kò sì gbọdọ̀ gùn ju 30 lọ. Ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, ni ó ń fi ìrépé aṣọ rán nọ́ńbà sí ẹ̀wù wa, kò sì gba kọ́bọ̀ rí.

Ẹni tí kò bá sá rílè rí yóò rò pé ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀pá, ẹni kejì ń fi òsì gbà á, ẹni kẹta ń fi ọ̀tún, ẹni kẹrin ń fi òsì, ẹni tí ó ń gbà á kò sì gbọdọ̀ máa bojú wẹ̀yìn. Eré ni ó ti ń sá lọ ní tirẹ̀, ìgbà tí ó bá gbọ́ "Gbà!" ni yóò na ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tiwa, mítà 20 péré ni àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún gbígba ọ̀pá, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 30. Nínú mítà 20 yẹn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti sọ ọ̀pá nù nígbà ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́, tí kálukú wa sì ń nàka sí èkejì. Kóòṣì kò lù wá, kò sì bú wa. Ó fún wa ní páìpù kan pé kí a máa gbé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí a máa gbà á lọ́wọ́ ara wa lójú títì láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ títí dé ilé. Àwọn ọlọ́jà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kó wa lọ sí pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé, yóò sì bi wá léèrè ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé òṣèlú kan ni. Òun ni ó wá sọ fún wa pé Káyọ̀dé wà lára àwọn tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà nínú rílè mítà 100 lọ́nà mẹ́rin ní Barcelona ní ọdún 1992, òun pẹ̀lú Chidi Imoh, Ọlápadé Adéníken àti Davidson Ezinwa, tí wọ́n sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 37.98, tí ó jẹ́ pé Amẹ́ríkà nìkan ni ó ṣáájú wọn. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 26, ọdún méjì géérégé kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ohùn Kóòṣì máa ń lọ sílẹ̀ tí ó bá dé ibẹ̀. Yóò ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ ẹnìkan ni kí ó tó di orúkọ pápá."

Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti kù díẹ̀, fèrè yóò dún, yóò sì kígbe ní ohùn Èkìtì pé, "Ulé yá!" Kò sí ẹni tí ó lè bẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ ìdíje ku ọ̀la. Mo rántí Sátidé kan tí wọ́n rán mi lọ pè é nílé nítorí àwọn àlejò kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé sí pápá. Ìdí odó ni mo ti bá a, láìwọ ẹ̀wù, tí ó ń gún iyán fún ìyàwó rẹ̀ tí àárẹ̀ mú, tí àwọn ìbejì jókòó tì í. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn pé òun ń bọ̀, ó sì gún iyán náà kúnná kí ó tó wẹ ọwọ́. Ojú tì mí fún un ní ọjọ́ yẹn. Ọmọdé ni mí.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ọmọbìnrin òun kò ní máa bá ọkùnrin kankan wà lórí pápá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kóòṣì kò jiyàn. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ bẹ bàbá náà, ìyá ìbejì sì ṣe ìlérí pé òun fúnra òun ni yóò máa mú ọmọ náà dé ilé. Ìyá ìbejì ni bàbá náà gbà fún. Ká ní ọkùnrin tí a kì í rí aya rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó lọ bẹ̀bẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọn ìbá ti dá a padà.

N kò sọ pé kò ní àléébù. Inú rẹ̀ tètè máa ń bí sí ẹni tí ó bá pẹ́ dé, kò sì gbà rárá kí a kó wa lọ sí àgọ́ ìgbaradì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Nítorí ìyẹn, àwọn méjì tí ó dára jù lára wa fi í sílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ kóòṣì mìíràn, títí di òní ni mo sì ń rò pé ó yẹ kí ó ti rọ̀ ọ́ díẹ̀ nítorí àwọn méjì yẹn.

Àwa tí ó kọ́ ti ń gbèrò ìdíje rílè fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìrántí rẹ̀. Owó ti ń wọlé, a sì ti rí ẹni tí yóò ra ọ̀pá gidi. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ ìgbìmọ̀: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bẹ nídìí fèrè fọn ọ́n kí aago mẹ́fà tó lù, bí eré tí ó kẹ́yìn kò bá tilẹ̀ tíì parí.