Kì í ṣe òtútù ló ń sọ snow di funfun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ní òtútù ló ń bó àwọ̀ lára omi tí snow fi ń funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú ọ̀rá tó dì gbagidi tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Òtútù náà ló mú un, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Àárín tó máa ń funfun yẹn, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀.

Ẹ fi ọ̀bẹ ha yìnyín náà wò: èérún rẹ̀ á funfun lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń ṣe snow nìyẹn. Ègé yìnyín wẹ́wẹ́ ni, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Ibi tí yìnyín àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀, á tún ta padà, títí á fi fọ́n káàkiri. Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló ń jáde padà pọ̀, ojú wa sì rí funfun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfófòó ọṣẹ ṣe ń funfun, àbí ìfófòó ọṣẹ aláwọ̀ ewé máa ń ní àwọ̀ ewé ni?

Bí snow bá sì jìn gan-an, ihò inú rẹ̀ máa ń dà bí aró, torí yìnyín ń gbé díẹ̀ mì nínú àwọ̀ pupa.