Ta ló ní ọmọ iṣẹ́ dókítà ni nọ́ọ̀sì?

Tí ọmọbìnrin kan bá ṣe JAMB tán ní Abẹ́òkúta, tó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé, "Ṣé máàkì rẹ ò tó ti dókítà ni?" Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á tún le sí i: kí ló ń wá kiri láàárín àwọn obìnrin? Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí bá wá parí ẹ̀kọ́, tó wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn èèyàn kan náà ni yóò máa kí i ní "Ẹ kú iṣẹ́, dókítà" nínú wọ́ọ̀dù. Kò yé wọn bí ọkùnrin ṣe lè máa tọ́jú aláìsàn kó má jẹ́ dókítà.

Ìgbàgbọ́ kan ló bí gbogbo rẹ̀, pé dókítà ló ni iṣẹ́, nọ́ọ̀sì kàn ń bá a gbé e ni. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbé e a di dókítà, ẹni tí tirẹ̀ ò gbé e a ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ ní Kútọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé débi tí ìwé sú u. Irọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ tí wọ́n kàn hun lásán, ó ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ti máàkì kúrò nílẹ̀ ná. Iṣẹ́ márùn-ún tí yunifásítì ń béèrè nínú WAEC lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ni Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Márùn-ún yìí náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún márùn-ún ni yóò sì fi kọ́ ọ ní yunifásítì. Òótọ́ ni pé máàkì JAMB tí wọ́n fi ń mú ọmọ sí ti dókítà sábà máa ń ga jù, nítorí èrò tó ń dù ú pọ̀ ju àyè tó wà lọ. Bí èrò ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà kò sọ ohun tó wà nínú ilé.

Wàyí o, ibi tí irọ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni Florence Nightingale, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 12 May 1820. Àwòrán rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa ni ti obìnrin jẹ́jẹ́ tó gbé àtùpà dání lóru, tó ń bẹ àwọn ọmọ ogun wò lórí bẹ́ẹ̀dì. November 1854 ni òun àti obìnrin 38 dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, nígbà ogun Crimea. Àwọn dókítà ológun tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ wọn rárá. Nightingale bá pàṣẹ fún àwọn obìnrin rẹ̀ pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má fọwọ́ kan aláìsàn kankan àfi tí dókítà bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè fún wọn. Kò pẹ́ tí àwọn tó fara pa lójú ìjà Inkerman fi rọ́ dé, ọwọ́ àwọn dókítà ò ká a mọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ ò rí i pé àṣẹ dókítà náà ló ń retí." Bẹ́ẹ̀ ni, ó retí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò irọ́ yìí wà, torí àṣà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi kọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà nìyẹn. Ohun tí wọn kì í rántí sọ ni ẹni tí àwọn obìnrin 38 yẹn ń jẹ́ ìpè rẹ̀. Nightingale ni. Òun ló lè gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, òun ló sì lè dá ẹni tó bá hùwà tí kò tọ́ padà sílé. Nígbà tó dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní St Thomas' ní London ní 1860, owó tí ará ìlú dá jọ ní orúkọ rẹ̀ ló fi ṣe é, abẹ́ mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà. Dókítà lè sọ oògùn tí aláìsàn máa lò. Ẹni tí yóò di nọ́ọ̀sì àti ẹni tí kò níí dà á, mátírọ́ọ̀nù ló mọ̀ ọ́n.

Àtùpà yẹn sì bí mi nínú díẹ̀, torí ó ti bo ohun tí obìnrin náà ṣe mọ́lẹ̀. Ní February 1855, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n gbà sí Scutari, nǹkan bí 42 ló ń kú. Ibùdó ìdọ̀tí ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn yẹn lé lórí, gọ́tà tó dí wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ìjọba rán wá ní March fọ gọ́tà náà, tí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, iye tó ń kú já wálẹ̀ sí nǹkan bí méjì nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó fi di June. Nightingale ló kó gbogbo iye yìí jọ nígbà tó délé, ó yà á lórí ìwé lọ́nà tí olóṣèlú tí kò mọ ìṣirò náà fi lè rí i pé àìsàn pa ọmọ ogun ju ọ̀tá lọ. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ìlú ní London gbà wọlé. Ṣé ọmọ iṣẹ́ dókítà ló ń ṣe irú èyí?

Kí n sì má fi í ṣe òrìṣà o. Nígbà tí Ethel Bedford Fenwick, nọ́ọ̀sì kan nílùú ọba, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jà pé kí òfin máa forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gba orúkọ náà, Nightingale wà lára àwọn tó ta kò ó. Ó ní ìdánwò kò lè wọn ìwà. New Zealand ló kọ́kọ́ ṣe òfin náà ní 1901, wọ́n sì kọ orúkọ Ellen Dougherty sílẹ̀ ní January 1902, nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ní ìwé ìjọba lọ́wọ́. Ìlú ọba ò ṣe tirẹ̀ títí di 1919.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ilé ìwòsàn Sacred Heart tó wà ní Lántoro ní Abẹ́òkúta níbí, tí àwọn míṣánnárì Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1895, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Orúkọ tí wọ́n máa ń dá mọ́ ọn ni ti Fadá Jean-Marie Coquard, ará Faransé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n Fadá kan kò lè fọ egbò gbogbo aláìsàn kó tún sùn tì wọ́n. Àwọn Sísítà ló ń ṣe ìyẹn, ìlú ò sì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ìtàn Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ló tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1944, Lántoro ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà ogun àgbáyé kejì sí, níbi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Bí ilé wèrè ayé ìjọba òyìnbó ṣe rí nìyẹn: ìṣọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ìtọ́jú ò tó nǹkan. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Àrò. Aláìsàn kò níí gbé inú ọgbà. Òun àti ìbátan rẹ̀ kan ó gba yàrá nílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, yóò máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, yóò sì padà sáàárín èèyàn lálẹ́. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá wò ó.

Ẹ wá rò ó wò. Dókítà mélòó ló wà nígbà yẹn tí wọn ó fi máa wọ abúlé kiri? Ẹni tí yóò mọ̀ pé baba yìí kò sùn lánàá, pé ìyá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀ padà, pé ọmọkùnrin kan ń fi oògùn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, tó sì máa ń tu ú dànù, nọ́ọ̀sì tó kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ni. Dókítà á kọ oògùn náà, àmọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì bá rí ló máa fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí sì ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Àrò. Àwọn ọkùnrin tí ẹ ń pè ní dókítà, ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti òfin, ìjọba ti ṣe òfin àwọn agbẹ̀bí ní Nàìjíríà láti 1930, wọ́n dá ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1947, wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀ ní 1979. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dún létí lọ. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń fún nọ́ọ̀sì níwèé, òun náà ló lè gbà á. Tí dókítà bá kọ ìwọ̀n oògùn tí kò tọ́, tí nọ́ọ̀sì sì fún aláìsàn láìbéèrè, kò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ kó ní, "Dókítà ló rán mi." Ẹjọ́ tirẹ̀ ni wọn ó dá. Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í jẹ́jọ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1952, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn náà gan-an ní 1957. Obìnrin tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ni Kofoworola Abeni Pratt, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ní St Thomas' ti Nightingale ní 1946. Olùkọ́ ni kó tó lọ. Ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1965, ó sì ṣe kọmíṣánà ètò ìlera l'Ékòó.

Ní Abẹ́òkúta tiwa, ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè àwọn ọmọ Funmilayo Ransome-Kuti. Wọ́n á ka Fẹlá, wọ́n á ka Olikoye àti Beko tí wọ́n jẹ́ dókítà. Àkọ́bí wọn, Dolupo, nọ́ọ̀sì ni. Ẹni mélòó ló máa dárúkọ rẹ̀?

Kí wá ni nọ́ọ̀sì ń ṣe tí dókítà ò kọ sílẹ̀ fún un? Ẹ mú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù. Dókítà á wá láàárọ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ oògùn, á kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Nọ́ọ̀sì ló máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ má bàa jẹrà. Kí ẹbí tó fún un ní ògì, òun ló máa yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò bóyá ó lè gbé nǹkan mì, torí ògì tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lè pa á kíá ju àrùn náà lọ. Òun ló ń ka iye ìgbà tó ń mí ní ìṣẹ́jú kan, tó ń wọn ìtọ̀ rẹ̀. Èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yára láago méjì òru lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́, ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò nìkan ló máa kà á sí.

Ní 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nílé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tún fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan ń mú kí ewu ikú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn ń gún, kò yẹ kí iye wọn nínú wọ́ọ̀dù máa pa èèyàn.

Mi ò ní kí ẹ wá fojú dókítà gbolẹ̀ o. Òun ló ń sọ àìsàn tó ń ṣeni, òun ló ń fi ọ̀bẹ là á. Òfin 1985 lórí àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì tilẹ̀ sọ pé dókítà ni yóò máa jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, ìjà tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ kò sì tíì tán.

Ohun tó ń bu epo síná irọ́ yìí lójoojúmọ́ kò sí nílé ìwòsàn ńlá. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké ló wà, tí wọ́n ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ hàn án fún oṣù díẹ̀. Ògsílárì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ yẹn ni dókítà ń rán ní omi, òun ló ń gbálẹ̀, òun náà ló ń gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ sì ń pè é ní "àǹtí nọ́ọ̀sì". Kò ní ìwé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ṣì ṣe. Ìwé nọ́ọ̀sì gidi máa ń parí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹ lè ní kí wọ́n fi hàn yín kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Ẹni tó bá ní in kì í bínú.