Ọ̀dà ara bàálù ogun tẹ́ ẹ̀ ń yà ní fọ́tò yẹn, ọ̀dà ogun kọ́

Mo tún ti rí i lánàá. Ẹnì kan gbé fọ́tò Mustang síta, bàálù Amẹ́ríkà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó ń dán gbinrin bíi dígí, orúkọ ìnagijẹ wà nímú rẹ̀, àmì àwọn bàálù ọ̀tá tí wọ́n já lulẹ̀ tò sábẹ́ ibi tí páílọ́ọ̀tì ń jókòó sí, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bó ṣe kúrò lójú ogun lọ́dún 1945 ló ṣe wà yìí, wọn ò fọwọ́ kan ọ̀dà rẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn ń dáhùn pé háà, ìtàn gidi rèé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti fẹ́ràn àwọn bàálù yìí, kò sóṣù tí mi ò ní gbọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá sì ní rárá, wọ́n á ní ẹ fẹ́ ba ayọ̀ àwọn jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàálù ogun àtijọ́ tó ṣẹ́kù, pàápàá àwọn tó ṣì ń fò, ọ̀dà tuntun ló wà lára wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé bàálù mìíràn ló ni lẹ́tà àti àmì tí wọ́n kọ sára wọn.

Èyí tí mo fojú ara mi rí ni kí n kọ́kọ́ sọ. Mo ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fúngbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún irú bàálù báyìí ṣe, wọ́n kó páànù kan fún mi láti abẹ́ apá bàálù kan, kò tóbi ju fèrèsé kékeré lọ, wọ́n ní kí n fi sáǹpépà ha á títí máa fi kan irin. Mo ha funfun, mo bá sílífà. Mo ha sílífà, mo bá àwọ̀ yẹ́lò, lẹ́yìn ẹ̀ àwọ̀ eérú, lẹ́yìn ẹ̀ gríìnì kan tó lẹ̀ mọ́ irin pinpin. Inú mi dùn gan-an, mo pariwo pé mo ti dé ọ̀dà ogun. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ wò ó, ó ní rárá o, gríìnì yẹn ni wọ́n ń kùn kí irin má bàa dípẹtà, ọ̀dà ogun gan-an ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti bọ́ ọ nígbà kan tí wọ́n ń tún un ṣe. Ọ̀dà márùn-ún lórí páànù kan ṣoṣo o, kò sì sí ti ogun níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ti páànù kan ò tó, ẹ jẹ́ ká mú Spitfire P7350, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọwọ́ Battle of Britain Memorial Flight ló wà, ẹ̀ka àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1957, Coningsby ni ibùdó wọn wà báyìí. Bàálù yìí jagun lóòótọ́. Castle Bromwich ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1940, ọdún yẹn náà ló sì wọ ìjà nígbà tí Jámánì ń kọlu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látojú ọ̀run. Tí bàálù kan bá wà tó yẹ kó ṣì wọ ọ̀dà ogun rẹ̀, òun ni. Àmọ́ lọ́dún 1948 wọ́n tà á bí àlòkù irin ní pọ́n-ùn 25 péré, àwọn tó rà á ló ṣàkíyèsí pé bàálù tó jagun lèyí, ni wọ́n bá fi ta àwọn ọmọ ogun lọ́rẹ. Látìgbà tó ti wà lọ́wọ́ Memorial Flight, tí wọ́n bá ti tú u palẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá, wọ́n á kun òmíràn sí i kí wọ́n lè fi bọlá fún squadron mìíràn, ìyẹn ẹgbẹ́ bàálù ogun mìíràn. Ìgbà kan wà tí lẹ́tà ara rẹ̀ jẹ́ QJ-K, ìgbà kan wà tó jẹ́ EB-G, fọ́tò méjì tí èmi fúnra mi yà ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́tà ara wọn ò bára mu, bẹ́ẹ̀ bàálù kan náà ni. Wọn ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń sọ ọ́ gbangba.

Ẹ wá lọ wo apá òsì rẹ̀. Ní October 25, 1940, ọta Messerschmitt, bàálù ogun Jámánì, bà á, páílọ́ọ̀tì ọmọ Poland kan tó ń jẹ́ Ludwik Martel fara gbọgbẹ́, ó sì gbé e balẹ̀ sí pápá lẹ́bàá Hastings. Irin tí wọ́n fi lẹ ihò ọta yẹn ṣì wà lápá yẹn dòní. Mo dúró tì í, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀dà tuntun ló bò ó, àmọ́ ẹ ṣì máa rí etí àlẹ̀mọ́ yẹn lábẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Inú irin yẹn logun wà, ẹni tó kun ọ̀dà orí rẹ̀ lè ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní.

Hurricane, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ńkọ́? Láti ẹ̀yìn páílọ́ọ̀tì dé ìrù rẹ̀, aṣọ ni wọ́n nà bò ó, aṣọ gidi, tí wọ́n fi dope, oje kan tó máa ń mú aṣọ gan, kùn kó lè le gan-an. Aṣọ máa ń gbó, wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀, tí aṣọ bá sì lọ, ọ̀dà bá a lọ nìyẹn. Hurricane kan, LF363, tiẹ̀ já lulẹ̀ ní Wittering nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991, ó gbiná, ó di ọdún 1998 kó tó padà sójú ọ̀run, ọ̀dà ogun wo ló fẹ́ ṣẹ́ kù lára ẹ̀?

Wọ́n á ní ti mùsíọ́mù yàtọ̀. Ẹ lọ wo Mustang tó wà ní mùsíọ́mù Smithsonian ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ "Willit Run?" sí lára, kò jagun lọ́jọ́ kan, ọ̀dà bàálù mìíràn tó jagun ní Yúróòpù ni wọ́n kùn sí i. P-40 wọn, bàálù ogun Amẹ́ríkà mìíràn, tí wọ́n ya ẹnu ẹja ekurá sí nímú, tẹ́ ẹ rò pé Ṣáínà ló ti jà, àwọn ọmọ ogun Kánádà ló lò ó. Wọ́n kọ ọ́ síta níbẹ̀, èèyàn ò kàn kà á ni.

Ti Mustang tó ń dán bíi dígí yẹn ló ń bí mi nínú jù. Nígbà ogun, nílé iṣẹ́ gan-an, wọ́n máa ń fi pọ́tì dí ojú ìsopọ̀ apá rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá geere, wọ́n á wá fi ọ̀dà sílífà kùn ún. Tẹ́ ẹ bá wá rí Mustang tí apá rẹ̀ jẹ́ irin lásán tí wọ́n nù títí tẹ́ ẹ lè fi wo ojú yín nínú rẹ̀, ẹnì kan ló ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun torí ó wù ú. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Kó rẹwà ò sọ ọ́ di 1945. Bákan náà ni ìlà dúdú àti funfun ti June 1944, èyí tí wọ́n kùn sára bàálù kí wọ́n tó wọ Normandy nílẹ̀ Faransé: ìkánjú ni wọ́n fi kùn ún, ọ̀pọ̀ wọn búrọ́ọ̀ṣì lásán ni wọ́n lò, ẹ wo fọ́tò ìgbà yẹn, ìlà náà wọ́, ọ̀dà ń ṣàn. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí lónìí gún bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á.

Àwọn "Messerschmitt 109" kan tó ń fò kiri, tẹ́ ẹ rò pé ti Jámánì ni, ńkọ́, Sípéènì ló ṣe wọn lẹ́yìn ogun, Buchón lorúkọ wọn, ẹ́ńjìnnì Merlin, ẹ́ńjìnnì Spitfire gan-an, ló wà nínú wọn. Ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà jáde nímú rẹ̀, lókè ló wà, ti Jámánì sì máa ń wà nísàlẹ̀. Àgbélébùú Jámánì tí wọ́n kùn sí i ò yí ìyẹn padà.

Ó dáa, mo gbà, díẹ̀ wà. Ní Canberra, ní Australian War Memorial, Bf 109 kan (Messerschmitt 109 gidi nìyẹn) àti Me 262 kan, bàálù Messerschmitt mìíràn, ṣì wọ ọ̀dà tí Jámánì kùn sí wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n lè má dá wà. Àmọ́ irú wọn ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń dá orúkọ wọn pè níkọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2012 wọ́n rí Kittyhawk kan, ET574 (orúkọ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe P-40 nìyẹn), nínú aginjù Íjíbítì, èyí tí páílọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Dennis Copping, wà nígbà tó sọnù ní June 1942. Àádọ́rin ọdún ni iyanrìn fi ha á, ọ̀pọ̀ ibi lára rẹ̀ ti di irin funfun, àmọ́ gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ni í. Wọ́n gbé e lọ sí mùsíọ́mù El Alamein, wọ́n fi ọ̀dà tuntun bò ó látimú dé ìrù. Mo ní fọ́tò méjèèjì, ti kí wọ́n tó kùn ún àti ti ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n kùn ún. Mi ò lè wo èkejì pẹ́.