Àtúnṣe: Ìrora ìsàlẹ̀ ìkùn àti ìtọ́jú físíò

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn l'Óṣogbo, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá lọ́jà Ìgbọ̀nà pẹ̀lú, pé ẹni tí ìsàlẹ̀ ìkùn tàbí ojú ara bá ń dùn kó máa fún iṣan abẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ìgbà 200 lóòjọ́, àti pé bó bá lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, dandan ni kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn iṣan abẹ́ yìí, ìyẹn àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí tó gbé àpò ìtọ̀ ró, máa ń le lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìrora yìí, àwọn kan lára wọn sì ti rí ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìbímọ tó le. Ẹ di ìkúùkù fún ìṣẹ́jú 5 láì tú u, ẹ ó rí bí ọwọ́ yóò ṣe máa ro yín. Bí ẹ bá wá ń fún iṣan tó ti le, ẹ lè dá kún ìrora náà ni. Mímí tó jìn, kí iṣan lè dẹ̀, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò, oníṣẹ́ físíò tó mọ ohun tí ọgbẹ́ ọkàn ń ṣe sí ara yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé, yóò tọrọ ààyè, yóò sì béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí ẹnì kan dúró tì yín. Bí ẹ bá ní kó dáwọ́ dúró, ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ó lè yẹ ìbàdí àti ẹ̀yìn wò láti ìta nìkan. Àwọn ọkùnrin náà ń ní ìrora yìí, bí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dárúkọ wọn.