Ilé tó fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ará ìlú

Ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi lónìí. Nínú gbogbo ilé ìgbàlódé tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ọnà, MASP (Museu de Arte de São Paulo), ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tó wà ní òpópónà Avenida Paulista, nílùú São Paulo lọ́hùn-ún ní Bràsíl, ni mo fẹ́ràn jù. Àwòrán àwọn ayàwòrán ńlá bíi Van Gogh àti Rembrandt wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òfìfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló gba ọkàn mi.

Lina Bo Bardi ló ya pùláànù ilé náà. Róòmù ni wọ́n ti bí i ní 1914, òun àti ọkọ rẹ̀ sì dé Bràsíl ní 1946. Orí òkè ni ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn wà, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń dúró wo àárín ìgboro nísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá máa kọ́lé síbẹ̀ kò gbọdọ̀ dí wọn lójú. Ni Lina bá gbé ilé kúrò nílẹ̀. Òpó mẹ́rin péré ló rù ú, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Láti tibí dé tọ̀hún jẹ́ mítà 74, ẹ ò ní rí òpó kankan láàárín. Àpótí dígí ńlá náà wà lókè, mítà 8 sílẹ̀. Ẹnjiníà Figueiredo Ferraz ló ṣírò bí kọnkéré náà ò ṣe ní tẹ̀: okùn irin ni wọ́n kì sínú àwọn bíìmù, wọ́n sì fà á le kankan. Àwọ̀ pupa tí gbogbo ayé fi ń dá ilé náà mọ̀ báyìí kò tíì sí nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1968. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kùn ún.

Ọjọ́ Sunday ni mo débẹ̀. Àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ ti pàtẹ sábẹ́ ilé. Òjò dé, gbogbo wa sá wọlé sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bó ọsàn fọ́mọ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń péjọ fún ìwọ́de. Mo ní, áà, ojúde rèé! Ilé tó bá ní irú ojúde yìí, ẹsẹ̀ àlejò kì í wúwo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí mo gòkè, mo rí i pé ọkàn kan náà ni Lina fi ṣètò inú ilé. Kò gbé àwòrán kọ́ ara ògiri. Dígí kan ló nà ró fún àwòrán kan, ó ki ẹsẹ̀ dígí náà bọ inú bulọ́ọ̀kù kọnkéré, ó wá fi igi há a kó má baà mì. Gbogbo àwòrán náà kọjú sí yín lẹ́ẹ̀kan náà bí èrò ọjà. Ẹ̀yìn ni orúkọ ẹni tó yà wọ́n wà. Mo dúró ti àwọn ọmọbìnrin méjì tí Renoir yà ní 1881, ọ̀kan wọ pínkì, èkejì wọ búlúù. Mo wò wọ́n tẹ́rùn kí n tó yí sẹ́yìn lọ ka orúkọ. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Renoir rí àti ọ̀mọ̀wé, ojú kan náà ni wọ́n fi máa kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ní 1996, wọ́n kó àwọn dígí náà kúrò, wọ́n gbé ògiri síbẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Lina ti kú ní 1992, kò sí níbẹ̀ tí yóò fi bá wọn jà. Ọdún 2015 ni wọ́n tó dá wọn padà.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dé ìlú Salvador, ní Bràsíl kan náà, ẹ yà ní Casa do Benin, ilé àkójọ ohun àṣà tó jẹ mọ́ orílẹ̀-èdè Benin. Òun náà ló ṣe ibẹ̀ ní 1988, níbi tí àwọn ohun tí Pierre Verger, ayafọ́tò ará Faransé, Fátúmbí wa, kó jọ wà. Imọ̀ àgbọn híhun ló fi wé àwọn òpó kọnkéré ibẹ̀.)

Ní 2025, wọ́n ṣí ilé tuntun alájà 14 sẹ́gbẹ̀ẹ́ MASP. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ní kí ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ gbà, inú mi sì dùn sí i, torí wọn ò gé nínú ojúde náà. Ohun tí mo wá ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n má ṣe gbé géètì síbẹ̀ láéláé.