Dókítà Wo Fóònù Kó Tó Kọ Òògùn: Ṣé Kò Mọṣẹ́ Ni?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ń bí wọn. Ikọ́ ti ń dà wọ́n láàmú láti ọ̀sẹ̀ kan, àyà ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá lọ rí dókítà. "Ṣé o mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe? Mo ń ṣàlàyé ara mi fún un lọ́wọ́, ló bá fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́. Níṣojú mi! Tó bá jẹ́ pé Google ló máa wò mí sàn, ṣebí èmi náà ní fóònù." Wọ́n ní àwọn gba ìwé òògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá, àmọ́ àwọn ò tíì rà á. Àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wá dókítà tó mọṣẹ́ lọ.

Mi ò lè bá wọn wí. Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà sì ti sọ ọ́ rí: pé dókítà gidi, inú orí ló ti ń mú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, pé èyí tó bá ń yẹ ìwé tàbí kọ̀ǹpútà wò lójú aláìsàn kò kàwé yanjú ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́. Irọ́ ni. Irọ́ tó sì lè ṣeni ní jàǹbá ni, torí dókítà tó bá mọ̀ pé wíwo ìwé máa sọ òun di òpè lójú yín, àfojúdíwọ̀n ló máa ṣe.

Kí fóònù tó dé ńkọ́? Ní 1899, ilé iṣẹ́ Merck tẹ ìwé kan fún àwọn dókítà, Merck's Manual, tí ojú ewé rẹ̀ kò tó 200. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni ìrántí ọmọ èèyàn, pàápàá ìrántí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì sí insulin, kò tíì sí penicillin, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a mọ̀ lónìí kò sí, síbẹ̀ wọ́n ti mọ̀ pé orí nìkan kò lè gbé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé òògùn tí wọ́n ń pè ní BNF ti ń jáde láti 1949, kò sì sí dókítà níbẹ̀ tó ń tijú pé òun ní in. Ẹ rántí bí dókítà ayé ọjọ́un ṣe máa ń sọ pé, "Ẹ dúró dè mí díẹ̀, mo ń bọ̀," tó máa jáde, tó sì máa padà wọlé pẹ̀lú ìdáhùn. Ibo lẹ rò pé ó lọ? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló lọ ṣíwèé, tàbí kó lọ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè. Inú fóònù ni ìwé yẹn wà báyìí, dókítà ò sì jáde mọ́. Ìyẹn nìkan ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 1985, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú Annals of Internal Medicine, ìwé tí àwọn dókítà fi ń gbé ìwádìí jáde. Dókítà 47 ni wọ́n bi léèrè nípa ohun tó rú wọn lójú láàárín ìlàjì ọjọ́ iṣẹ́. Ìbéèrè 269 ló jáde. Àwọn àgbà amọṣẹ́ náà ní ìbéèrè tiwọn, pàápàá nígbà tí àìsàn bá bọ́ sí ẹ̀ka ẹlòmíì. Nínú gbogbo rẹ̀, 30 péré nínú 100 ló rí ìdáhùn kí aláìsàn tó dìde, ẹnu ẹlòmíì tó jọ ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n sì ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ìyókù ńkọ́? Aláìsàn gbé e lọ sílé.

Ní 2014, JAMA Internal Medicine, irú ìwé ìwádìí bẹ́ẹ̀ mìíràn, gbé àkójọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé bí dókítà bá rí aláìsàn méjì, ó lé díẹ̀ ní ìbéèrè kan tó máa ń yọjú sí i lọ́kàn. Nǹkan bí ìdajì àwọn ìbéèrè yìí, dókítà ò wá ìdí rẹ̀ rárá. Ohun tó fà á jù ni pé àyè ò sí, tàbí pé ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní rí ìdáhùn gidi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 nínú 10 tí wọ́n rí ìdáhùn sí. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù nínú yàrá dókítà, ìdajì tí wọn ò wá ìdí rẹ̀ yẹn ni. Ẹ ò ní rí i, torí dókítà tó ń ṣe é kì í fa fóònù yọ. Á máa wò yín lójú, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ á máa dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè ta kókó omi sétí aṣọ. Nínú PubMed, ibi tí wọ́n ń to àkọsílẹ̀ ìwádìí ìṣègùn sí, àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 35, mílíọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń gorí rẹ̀ lọ́dọọdún. ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń ka àìsàn ní ẹni tèjì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022, ní nǹkan bí ẹ̀ka 17,000. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ ló wà lórí òun, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì dìde níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ iye ìwé ò ká mi lára tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀n òògùn. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọdé kan tó wọn kílò 12 àti ààbọ̀. Paracetamol ni wọ́n fẹ́ fún un, mìlígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ó di 187.5. Òògùn olómi inú ìgò ní mìlígíráàmù 120 nínú mìlílítà 5, torí náà ohun tí ọmọ máa mu lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 7.8. Ìṣirò yìí kò le, àmọ́ aláìsàn ogún ti wá ṣáájú ọmọ yìí lónìí, ọmọ náà ń ké, ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ń kan ilẹ̀kùn. Kí póíǹtì kan ṣáko sápá ọ̀tún, ìlọ́po mẹ́wàá lọmọ máa gbé mì, ìyẹn sì tó ohun tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Paracetamol lásán nìyẹn o, tí gbogbo ilé ní. Ẹ wá fojú inú wo òògùn tí àyè tó wà láàárín ìwòsàn àti májèlé rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, kí ẹni tó fẹ́ lò ó jẹ́ arúgbó tí kídìnrín rẹ̀ ti ń rọ́jú ṣiṣẹ́. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí ṣe ìyẹn fún mi. Kó fa fóònù yọ. Kó fa méjì yọ tó bá wù ú.

Lẹ́yìn náà ni bí òògùn ṣe ń bá ara wọn jà. Ibí yìí ni mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi wọ́n pé, "Lẹ́yìn tó wo fóònù tán, kí ló sọ?"

"Kí ló máa sọ? Ó bi mí bóyá mo ṣì ń lo òògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fáìlì mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá fi bírò fa ohun tó ti kọ́kọ́ kọ, ó kọ òmíì. O ò rí i pé ọ̀rọ̀ ò yé e?"

Mo ní kí wọ́n ka èyí tó fà yẹn fún mi. Clarithromycin ni, òògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Òògùn ọ̀rá tí wọ́n ń lò, simvastatin. Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ bára wọn pàdé nínú ara èèyàn kan ṣoṣo. Clarithromycin kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ túká simvastatin bó ṣe yẹ, simvastatin á máa ga sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara, èérí iṣan tó bàjẹ́ á sì lọ dí kídìnrín. Ìṣẹ́jú kan tí ọmọkùnrin yẹn fi tẹ fóònù ló gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, ohun náà gan-an ni wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ bínú. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, màá padà sí i.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Dókítà tó jáde ilé ìwé ní 2000, quinine ni wọ́n kọ́ ọ pé kó fún ọmọdé tí ibà ti wọ̀ lára gan-an. Ó dá a mọ̀, ó yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ní 2010, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní AQUAMAT jáde, tí wọ́n ṣe fún ọmọ 5,425 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú ọmọ 100 tó gba quinine, nǹkan bí 11 ló kú. Nínú 100 tó gba artesunate, òògùn ibà kejì tí wọ́n fi wé e, ó lé díẹ̀ ní 8. Nígbà tó di 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní artesunate ni kí wọ́n máa fún àwọn ọmọdé náà. Ní 2015, wọ́n tún yí ìwọ̀n rẹ̀ padà: ọmọ tí kò bá tó kílò 20, mìlígíráàmù 3 fún kílò kan, dípò 2.4. Èyí tó wà lórí dókítà yẹn látilé ìwé kì í ṣe irọ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ti gbó ni. Èyí ló fà á tí ọjọ́ orí nìkan kò fi lè dá wa lójú. Ní 2005, wọ́n kó ìwádìí 62 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì lé ní ìdajì wọn tó fi hàn pé bí ọdún dókítà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń bá ìlànà tuntun mu ń lọ sílẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká dáhùn: "Èmi náà ní fóònù." Òótọ́ ni. Ní 2006, dókítà méjì ní Ọsirélíà mú àìsàn 26 tó ta kókó nínú ìwé ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní New England Journal of Medicine, wọ́n yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú Google. Wọ́n rí èyí tó tọ̀nà nínú 15, wọ́n kùnà nínú 11. Ọ̀nà méjì lèèyàn lè gbà ka èyí. Èmi rí i pé dókítà ló yan ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀, dókítà náà ló sì ṣa èyí tó bá àìsàn mu nínú ìdáhùn tó wọ́ wá. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, 11 ṣì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi àti ẹ̀yin tá a kàn máa tẹ "àyà ń dùn mí," ẹ̀rù nìkan la máa kó bọ̀. Mímọ ohun tí a ó béèrè, àti mímọ ìdáhùn tí a ó dà nù, ni wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́ nílé ìwé.

Ó wá kù síbi tí ìfura yín ti tọ̀nà. Tí ọkàn ẹnì kan bá dáwọ́ dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí èémí. Tí kò bá fọwọ́ kàn yín, tí kò béèrè nǹkan kan, tó jẹ́ pé fóònù ló kí kó tó kí yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti bínú. Ibi tó ti ń wò ó náà ṣe pàtàkì. Ìwé òògùn tí àwọn amọṣẹ́ ń tún ṣe lóòrèkóòrè yàtọ̀ sí ojú ìwé tó ń ta òògùn. Ó sì yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn bí èèyàn, irú ChatGPT, tó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí níbì kankan. Dókítà lè lò ó, àmọ́ tó bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò níbòmíì, ẹ̀yin ló máa san án.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àṣìṣe àwọn dókítà ni ìdákẹ́. Ní 2007, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn èèyàn fojú kéré dókítà tó lo kọ̀ǹpútà láti mọ àìsàn ju èyí tí kò lò ó lọ. Tí dókítà bá mọ èyí, tó sì tún tẹjú mọ́ fóònù láìsọ nǹkan kan, bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, bóyá bọ́ọ̀lù ló ń wò, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Gbólóhùn kan péré ló gbà: "Mo fẹ́ wò ó bóyá òògùn yìí ò ní bá èyí tẹ́ ẹ ń lò jà." Tí kò bá sọ ọ́, ẹ bi í: "Dókítà, kí lẹ ń wò? Kí ló sọ níbẹ̀?" Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi ò ní bínú sí i.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n bi dókítà náà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó yí fóònù náà kọjú sí wọn, ó ń fi ìka tọ́ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní àwọn kàn mi orí ni, torí lẹ́tà ibẹ̀ ti kéré jù, àwọn ò sì mú awò ojú dání.