Èsì wa sí ìyá tó ní a ń fa owó wáyà eyín lára òun díẹ̀díẹ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi dókítà tó ni ilé ìwòsàn eyín yìí ní Bódìjà ni mo ń dá yín lóhùn fúnra mi. Ìràwọ̀ kan péré lẹ fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní 300,000 náírà la pe wáyà tí a fi ń to eyín ọmọ yín lórí fóònù, pé oṣù mẹ́fà nìyí, ẹ ti san 490,000, a sì tún ń gbowó. Ẹ ní aládùúgbò yín ṣe ti ọmọ tiẹ̀ ní 120,000, ọ̀fẹ́ sì ni ti ọmọ àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó wà nínú fáìlì ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba, nítorí náà ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ nìkan ni mo máa fèsì sí.

Ti fóònù yẹn, ẹ̀bi wa ni. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni 300,000: X-ray, mọ́ọ̀dù eyín, àti lílẹ irin mọ́ eyín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, 25,000 ni lóṣooṣù fún bí ọdún méjì. Ẹ rò ó pọ̀, 900,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù sọ ti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́ lórí ìyókù. Bó bá ṣe èmi náà, inú á bí mi. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, inú ìwé la ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí kí òbí tó san kọ́bọ̀, títí kan ike tí ọmọ á máa fi sẹ́nu sùn lẹ́yìn tí a bá tú wáyà, 80,000 fún tòkè àti tìsàlẹ̀. Ẹ má fojú kéré ike yẹn o. Eyín tí a tò máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Ẹ kọ ọ́ pé lóṣooṣù, “ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n á gbowó.” Òótọ́ ni, kì í pẹ́. Wáyà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì rọ̀. Bí eyín bá ṣe ń bọ́ sí ìlà la ó máa fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, títí a ó fi dé orí èyí tó ní igun mẹ́rin, tó lè yí gbòǹgbò eyín. Ibi tí eyín ń lọ, egungun ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún un. Ibi tó ti kúrò, egungun tuntun gbọ́dọ̀ hù dí i. Ẹni tó bá fi ipá fà á kó lè tètè parí lè mú kí gbòǹgbò eyín kúrú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ọmọ lọ kó padà wá. Irinṣẹ́ tí a sì fi kan ẹnu rẹ̀, inú ẹ̀rọ gbígbóná tó ń pa kòkòrò àrùn ló ń lọ kí ọmọ mìíràn tó jókòó. Iná NEPA kò dúró dè wá, epo dísẹ́ẹ̀lì la ń rà fún jẹnẹrétọ̀. Wáyà náà ń ti òkè òkun wá: dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí ìjọba tó fi iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,400 nígbà tó fi pé ọdún kan.

Irin kékeré tí a lẹ̀ mọ́ eyín, mẹ́rin lẹ ní ó jábọ́, tí a gba 10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní méjì jábọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé tí a lẹ̀ wọ́n. Ti wa nìyẹn. Bí itọ́ bá kan eyín nígbà tí a ń lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù kì í mú. 20,000 yín wà lọ́dọ̀ akápò, ẹ mú rìsíìtì wá. Ti méjì yòókù, ẹ má bínú, mi ò ní dá a padà. Bó ṣe máa ń rí nìyí: ọmọ á gbé irin kékeré wá fún wa nínú ọ̀rá pure water tí wọ́n ta ní kókó, á ní “ó kàn yọ ni.” A ó ní kó la ẹnu, èèpo àgbàdo sísun á ṣì há sábẹ́ wáyà. A ò ní kí ọmọ má jẹ àgbàdo; ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò lára ṣuku. Eegun ẹran àti chin-chin ló di ọjọ́ tí a bá tú wáyà.

Mi ò mọ ẹni tó ṣe ti aládùúgbò yín. Ẹ ṣáà bá mi béèrè bóyá ó ya X-ray. Àwọn kan wà tó ń lẹ wáyà oge mọ́ eyín láìmọ̀ bóyá eyín kan ṣì há sínú àgbọ̀n. Ti Lọ́ńdọ̀nù, owó orí ará ìlú ló san án. NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ń ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, bí eyín rẹ̀ bá burú dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀. Bí kò bá dé e, òbí á san. Níbí, ọ̀pọ̀ HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, ni kì í san owó wáyà rárá.

Ẹ tún bẹ̀rù pé a ó dí èjí rẹ̀. Ta ló máa dí èjí ọmọ Yorùbá láìbéèrè? Ẹ kàn sọ fún wa kí á tó gun orí wáyà nínípọn.

Bí owó oṣooṣù bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ̀ka eyín ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba n’Ìbàdàn níbí, ń ṣe wáyà; owó wọn sábà máa ń fúyẹ́ ju tiwa, ìlà ló gùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀, a ó kó X-ray, mọ́ọ̀dù àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún yín, a ò ní gba nǹkan kan.